Mọ́tò Òwúrọ̀ àti Eré Ìrọ̀lẹ́

Àwọn àgbà ní, òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn olùkà wa ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin baba àti ìyá tí ẹ ń fi mọ́tò ara yín lọ sí ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, owó nìkan ni ó gbà lọ́wọ́ ẹni. Owó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń gbà lọ tí mẹkáníìkì kò lè bá wa tún ṣe: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nínú ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ń gbé Ìkòròdú tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó ṣe àpẹẹrẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti jáde. Ó gba Kétu kọjá, ó sì bọ́ sí orí afárá Third Mainland, èyí tí a parí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ sì ju kìlómítà 10 lọ. Omi ọ̀sà ni nísàlẹ̀, mọ́tò ni níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá kú níbẹ̀, kò sí ẹ̀bá igbó tí a lè tì í sí. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò pẹ́ dé ibi iṣẹ́; nítorí pé ó pẹ́ dé, yóò pẹ́ kúrò; yóò sì tún yà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí yóò bá fi kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, àwọn ọmọ ti sùn. Wọn kò tíì jí nígbà tí ó jáde, wọ́n sì ti sùn nígbà tí ó wọlé. Baba bẹ́ẹ̀ di àlejò nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń bọ́.

Bóyá ẹnìkan yóò bi wá pé, kí ni ó wà nínú ìrọ̀lẹ́ tí a fi ń káàánú rẹ̀ tó báyìí? Ohun púpọ̀ ni. Ní ayé àwọn baba wa, ìrọ̀lẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Nídìí ọpọ́n ayò tí ó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ni ọ̀pẹ̀ ti ń kọ́ ìṣirò àti sùúrù lọ́dọ̀ ọ̀ta, láìmọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́. Bí òṣùpá bá yọ, wọn a ṣe bojúbojú. Bí wọ́n bá sì jókòó, àlọ́ àpamọ̀ ni a ó kọ́kọ́ pa, kí a tó bọ́ sí ti ìjàpá. Nígbà tí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì onípátákó wọ Èkó ní ọdún 1935, tí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, eré ìrọ̀lẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni gbogbo ilé ṣì ń jókòó sí. Lónìí, olúkúlùkù ni ó ní fóònù tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀. A kò sọ pé ohun burúkú ni fóònù. Ṣùgbọ́n bí baba àti ìyá kò bá sí nílé, fóònù náà ni yóò di baba, òun náà ni yóò sì di ìyá.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ ilé rẹ̀, kí ó tọ́jú mọ́tò rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ tọ́ka sí.

Èkínní ni gbígbóná ẹ́ńjìnnì. Omi ni ó ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mú omi náà tutù nínú rédíétọ̀. Nígbà tí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ń fẹ́ sí i fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù nìkan ni ó kù. Ìdí nìyí tí mọ́tò tí fáànù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fi lè rìn dáadáa ní ọ̀nà tí ó dá, tí yóò sì hó bí ìkòkò nínú èrò. Bí abẹ́rẹ́ tí ń fi ooru hàn bá ń gòkè, kí a wá ibi tí kò léwu dúró sí, kí a sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Omi inú rẹ̀ lè gbóná ju omi híhó orí iná lọ, ó sì lè bó ojú ènìyàn.

Èkejì ni bátìrì. Ooru ilẹ̀ wa a máa tètè sọ ọ́ di ògbó, ṣùgbọ́n kì í sábà kú láìkìlọ̀. Bí mọ́tò bá ń fà kí ó tó jí lówùúrọ̀, tí iná iwájú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, ó ti sọ tẹnu rẹ̀; ẹni tí kò gbọ́ ni kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni táyà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra táyà tòkunbọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì nípọn, láìwo ọjọ́ orí rẹ̀. Òǹkà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí a ṣe é. Bí ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni. Táyà tí ó ti gbó lè bẹ́ bí ó tilẹ̀ ń dán.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mọ́tò ti tutù, kí a wo omi, ọ́ìlì, iná àti táyà márààrún, nítorí táyà tí a fi pamọ́ sẹ́yìn ni a sábà máa ń gbàgbé. Kí ọmọ kan di tọ́ọ̀ṣì mú, kí òmíràn ka òǹkà ara táyà. Inú àwọn ọmọdé a máa dùn sí irú iṣẹ́ yìí ju bí àwa àgbà ti rò lọ.

Bí mọ́tò bá sì kú síbẹ̀síbẹ̀, nítorí irin ni, kò mọ olówó rẹ̀, ẹ má ṣe gbé ìbínú rẹ̀ wọlé. Bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, bí ẹ bá bá ọmọ kan lójúfò, ẹ pa àlọ́ kan fún un: “Ó jẹun yó, ó mu omi yó, síbẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin ni ó ń tì í rìn. Kí ni o?” Yóò ronú títí, yóò sì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá gbọ́ pé mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ kú ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni yóò gbà. Ọ̀nà ti gba òwúrọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba ìrọ̀lẹ́ mọ́ ọn.