Títún Áọ́tà Tó Wú Ṣe Láìla Ikùn

Áọ́tà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ lára ènìyàn. Inú ọkàn ló ti jáde, ó gba iwájú egungun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ wá sí ikùn, ibẹ̀ ló sì ti pín sí méjì lọ sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ikùn, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Bí ara rẹ̀ bá di aláìlágbára, ẹ̀jẹ̀ tó ń fipá kọjá yóò máa tì í síta díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti pé sẹ̀ǹtímítà 3, ó ti di àrùn. Àwọn ọkùnrin tó ti lé ní ọdún 65 ló máa ń ṣe jù, pàápàá àwọn tó ń fa sìgá. Kì í sábà dun ènìyàn, ọjọ́ tó bá bẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń mọ̀ pé ó wà, ẹ̀pa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bóró mọ́. Òun ló pa Albert Einstein ní 1955.

Ní 1951, Charles Dubost gé irú áọ́tà bẹ́ẹ̀ kúrò ní Paris, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ikùn ni wọ́n ń là. Àgbàlagbà tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá pé kò lè fara da èyí, irú wọn ni Juan Parodi rò tó fi gba ọ̀nà mìíràn ní Buenos Aires ní 1990. Nikolai Volodos ti kọ́kọ́ ṣe é fún áọ́tà inú àyà ní Kharkiv, ní Ukraine, ní 1987, àmọ́ òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ kò tètè kàn.

Ní ọ̀nà tuntun yìí, ibi tí itan ti pàdé ikùn ni dókítà ń gbà wọlé. Wáyà tín-ín-rín ló ń ṣáájú. Stent tí wọ́n ká pọ̀, aṣọ tí a fi irin wẹ́wẹ́ gbé ró, á tẹ̀ lé e, dókítà á sì máa wo ibi tó dé lójú ẹ̀rọ ayàwòrán. Tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, á là bí ṣòkòtò: ìbàdí rẹ̀ á di ara áọ́tà tó ṣì le mú, lábẹ́ ibi tí iṣan kíndìnrín ti yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á sì wọ inú iṣan ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé wọn kò gé ibi tó wú kúrò. Inú aṣọ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, kò sì ráyè ti ara áọ́tà mọ́. Wọn kì í sáré ṣe é: ó di ìgbà tí ìwú náà bá tó sẹ̀ǹtímítà 5.5 fún ọkùnrin, tàbí bíi 5 fún obìnrin.

Nínú ìwádìí EVAR 1 tí wọ́n ṣe ní Britain, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n la ikùn fún, bíi márùn-ún kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba stent, àwọn tó kú kò tó méjì. Àǹfààní yìí kò tọ́jọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, àwọn onístent ló ń kú jù, nítorí ìwú tí wọn kò gé kúrò ṣì lè bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn iṣan kéékèèké ẹ̀yìn wá sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Èyí tó bá jò láti ìbàdí stent ni wọ́n gbọ́dọ̀ tètè dí. Nítorí náà, ẹni tó bá gba stent kò ní yé lọ yàwòrán ikùn títí ayé rẹ̀. Ní 2020, NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á, tí ìwú rẹ̀ kò sì tíì bẹ́, ikùn ni kí wọ́n là fún un.