Bí Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan sí Omi Olúmìrìn ṣe ń Lọ

Ẹni tó ń gbé Ẹgbẹ́dá, Lálúpọn, Mọ́níyà tàbí Akànràn ní agbègbè Ìbàdàn lè jí ní òwúrọ̀, kó lọ wo omi tó ń dà láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó wẹ̀ níbẹ̀, kó sì padà wálé wá sùn lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ orúkọ ibẹ̀ láti ilé ìwé, a ò kàn tíì lọ ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìrìn-àjò náà ṣe ń lọ fún yín, ṣùgbọ́n bí omi ọ̀hún fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe ló gba àlàyé jù. Omi ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Òun ló ń sọ oṣù tó yẹ kẹ́ ẹ lọ, ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gùn dé, àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà tó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Olúmìrìn ni wọ́n ń pe omi náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú ni pé obìnrin kan, Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1140, nígbà tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣí bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀. Òun náà ni wọ́n ní ó tẹ ìlú dó. Omi ọ̀wọ̀ ni lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ títí dòní. Bẹ́ ẹ bá bá ẹni tó ń bọ ọ́ tàbí tó ń gbàdúrà létí rẹ̀, ẹ fún un láyè, ẹ má sì ya fọ́tò rẹ̀ láìtọrọ gáfárà.

Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá lẹ sún mọ́ ọn jù, torí ojú ọ̀nà Ifẹ̀ lẹ wà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Mọ́níyà yóò gba Òjóò; ẹni tó ń bọ̀ láti Lálúpọn tàbí Ìyànà Ọ̀fà yóò wá sí Ìwó Road; ará Akànràn yóò gba Amúlókò jáde. Ìwó Road ni ẹ ti máa rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà tàbí Àkúrẹ́. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni mo fara mọ́, torí ẹ lè sọ fún dẹ́rẹ́bà kó já yín sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kẹ́ ẹ wá gun ọ̀kadà wọlé. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́, ìjọ tàbí ilé ìwé lẹ fẹ́ kó lọ, ẹ háyà bọ́ọ̀sì tó máa dúró dè yín. Ẹ gbéra kí aago méje tó lù.

Ẹ ó kọjá ní Aṣẹ́jìrẹ́, Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Odò tẹ́ ẹ máa sọdá ní Aṣẹ́jìrẹ́, odò Ọ̀ṣun ni. Ìgèdè-Èkìtì ni orísun rẹ̀ wà, èyí tí wọ́n sé mọ́lẹ̀ ní Aṣẹ́jìrẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ilé n'Ìbàdàn ń mu. Omi ilẹ̀ Èkìtì ti ń wọ inú ìkòkò wa kí a tó ronú àtilọ wo òkè ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí omi náà. Ibi tí odò ti dé etí àpáta, tí ilẹ̀ tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tó sì dà sísàlẹ̀ gbuurugbu, ni òyìnbó ń pè ní waterfall. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi ni mo máa pè é. Kì í ṣe ibi gbogbo tí odò wà ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti lè wà. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, omi á máa gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀nà rẹ̀ á fi tẹ́jú. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ nílò òkúta tó le débi pé omi ò lè tètè jẹ ẹ́.

Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Quartzite ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní òkúta iyanrìn. Iyanrìn ni nígbà ìwáṣẹ̀. Ilẹ̀ bò ó mọ́ abẹ́, ooru inú ilẹ̀ sè é, ìwúwo ohun tó wà lórí rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi di nǹkan líle kan ṣoṣo. Ó ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ ní àyíká rẹ̀ ti jẹ tán, ó ku òkúta iyanrìn tó yọ sókè bí a ti ń rí i láti apá Iléṣà títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Olúmìrìn ń dà ní ẹ̀gbẹ́ òkè yìí ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Ní ìhà Èkìtì, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Àrinta ń dà ní Ìpólé-Ìlórò.

Ìpele méje ni wọ́n ń ka Olúmìrìn sí. Òkúta líle náà ló fà á. Kì í jẹ díẹ̀díẹ̀ bí amọ̀; ó máa ń sán ni, ní òòró àti ní ìbú. Omi á gba inú ibi tó sán wọlé, gbòǹgbò igi á tẹ̀lé e, nígbà tó bá yá, odindi òkúta ńlá á ṣí kúrò, á sì ṣubú. Ibi tó ti kúrò á dà bí ẹsẹ̀ àkàbà. Omi á dà láti orí ẹsẹ̀ kan, á sinmi díẹ̀ lórí pẹrẹsẹ, á tún dà sórí èyí tó kàn.

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé omi yìí kì í gbẹ tán nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òjò ò ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan. Níbo ló ti ń rí omi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe gàrí mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ bá rọ ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ ti lọ̀ sínú àpò, tẹ́ ẹ fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́, omi á kọ́kọ́ tú jáde pẹ̀lú agbára. Bó bá dọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bu omi kún un, síbẹ̀ àpò ọ̀hún ṣì ń ro. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkè náà rí. Òjò oṣù mélòó kan ti wọnú ilẹ̀ orí òkè àti gbogbo ibi tí òkúta ti sán, ó wá ń ro jáde díẹ̀díẹ̀. Igi orí òkè ló ń dá òjò dúró kó lè ráyè wọlẹ̀. Bí wọ́n bá gé wọn tán, òjò á kàn ṣàn lọ lójú kan ni, kò sì ní sí ohun tó máa ro nínú oṣù kejì. Èmi ò rí iṣẹ́ ìtọ́jú kankan níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì tó igi wọ̀nyẹn.

Ẹ̀yin fúnra yín lè wá mọ oṣù tó dára. Ní oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, omi pọ̀, ariwo rẹ̀ ń dún láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọ̀nà ń yọ̀, ìpele òkè sì léwu. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, gígùn rọrùn, ṣùgbọ́n omi ti tín-ín-rín. Ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn láti lọ: ilẹ̀ ṣì kún fún omi, ọ̀nà sì ti ń gbẹ. Bẹ́ ẹ bá kórìíra èrò, ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún.

Ewu kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí ju gbogbo ìyókù lọ: omi tó ń dé lójijì. Odò lè kún láìjẹ́ pé òjò kan rọ̀ níbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ìbàdàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìkún omi odò Ògùnpa ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti ìkún omi ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, gbé ẹ̀mí àti ilé lọ. Ní Olúmìrìn, oòrùn lè máa ràn nísàlẹ̀ kí òjò sì máa rọ̀ lórí òkè. Òkúta kì í fa omi mu bí ilẹ̀ oko, nítorí náà kíá ni omi ọ̀hún máa ń dé ìsàlẹ̀.

Àmì máa ń ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ yan òkúta kan létí omi, kẹ́ ẹ wo ibi tí omi bá a dé. Ẹ máa bojú wò ó. Bí omi bá ti gun òkúta náà, bí omi tó mọ́ bá di pọ́n, bí ewé tútù àti igi wẹ́wẹ́ bá ń bá a bọ̀, tàbí tí ohùn omi yí padà, ẹ jáde, ẹ lọ síbi tó ga ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má dúró kó bàtà. Ẹ má sì sáré gba ojú ọ̀nà omi lọ sísàlẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kẹ́nikẹ́ni gun òkè láìmú afọ̀nàhanni. Ẹ ó san owó ìwọlé lẹ́nu géètì, ibẹ̀ náà lẹ ti máa bèèrè ẹni tó máa mú yín gòkè. Ẹ dúnàá dúrà kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì sọ ìpele tẹ́ ẹ fẹ́ dé. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ òkúta tó ń mì, ó mọ gbòǹgbò tó ti jẹrà, ó sì mọ ìkùukùu tó ń gbé òjò bọ̀. Bó bá ní kẹ́ ẹ padà, ẹ padà, kódà bó ṣe pé ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ló kù. Kì í ṣe torí kó lè gbé yín dé òkè tipátipá lẹ ṣe sanwó fún un. Ojú rẹ̀ lẹ rà.

Ìpele kìíní rọrùn. Àtẹ̀gùn wà, àgbàlagbà àti ọmọdé lè rọra débẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì kọjá ibẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè, gbòǹgbò àti òkúta lẹ máa dì mú, ọ̀nà sì ga débi pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ máa fi gùn ún. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí orúnkún ń dùn, aboyún àti ọmọ kékeré, ìpele kìíní tó wọn. Ẹwà rẹ̀ pé níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìyẹn ṣe yín ní yẹ̀yẹ́.

Ẹ ṣọ́ ìdí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ gan-an. Omi tó ń já láti òkè ń gbé òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń fi wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ibi tó dà bíi pé kò ju orúnkún lọ lè ní ihò láàárín. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ tún máa ń hù sára àpáta tí omi ń ta sí. Bàtà kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ní ìlà ló bá a mu. Sílípáàsì kò dára rárá.

Àwọn ọmọ àti àbúrò yín tó wà lókè òkun lè ti fi fọ́tò irú ìrìn-àjò kan náà ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Iceland, níbi tí èèyàn ti ń wọnú ihò yìnyín. Ohun tí òyìnbó ń pè ní glacier, tí mo máa pè ní odò yìnyín, ni yìnyín tó ti kóra jọ lọ́dọọdún, tó nípọn, tó wúwo, tó sì ń rọra fà wálẹ̀ láti orí òkè. Èyí tí wọ́n ń pè ní Vatnajökull gba nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ilẹ̀ Iceland. Nígbà ooru, ojú yìnyín á yọ́, omi rẹ̀ á wọnú ibi tó sán, á sì gbẹ́ ọ̀nà sábẹ́. Nígbà òtútù, omi á fà, ihò náà á ṣófo. Ìgbà yẹn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí ìkẹta, ni afọ̀nàhanni máa ń kó àlejò wọlé, pẹ̀lú akoto lórí àti irin eléyín lábẹ́ bàtà. Ara ihò náà máa ń dúdú bí aró, torí yìnyín tó ti ki pọ̀ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á wá ṣẹ́ku èyí tó jọ aró.

Ihò ọdún yìí kì í jọ ti ọdún tó ń bọ̀, torí yìnyín ò dúró lójú kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nígbà ooru, yìnyín wó lu àwọn àlejò ní odò yìnyín tí wọ́n ń pè ní Breiðamerkurjökull ní Iceland, ẹnì kan sì kú. Òfin ibẹ̀ àti ti Olúmìrìn bára mu: ìgbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ wọ ibi tí omi gbẹ́.

Ihò wà nítòsí wa náà, ti àpáta. Ihò Eléérú wà nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti hú egungun èèyàn jáde ní ọdún 1965, egungun tó ti ju 10,000 ọdún lọ. Ọjọ́ kan ò lè gba òun àti Olúmìrìn pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀, omi mímu, oúnjẹ tí ò ní dà, àti nylon tẹ́ ẹ máa fi wé fóònù. Nylon yẹn àti ike omi, ẹ kó wọn padà wálé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ kí aago méjì tó kọjá, torí sísọ̀ ni ẹsẹ̀ sábà máa ń yọ̀ jù, nígbà tó ti rẹ orúnkún. Ẹ san owó afọ̀nàhanni pé, kẹ́ ẹ sì bọ́ sí títì ní aago mẹ́ta. Bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ bá ti kún, ẹ wọ ti Iléṣà. Ẹ ó rí ọkọ̀ Ìbàdàn níbẹ̀.