Ariwo tó ń ti ibi omi mọ́tò wá: èwo ló ní kí ẹ dúró?

 

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la mú wá lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò ní mọ́tò, ẹ má tíì dìde. Ẹ̀yin náà lẹ ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì wọ takisí lọ sí Igolo tàbí Àjàṣẹ́. Bí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà lọ́sàn-án gangan, tòmátì yín ló máa jẹrà. Bí awakọ̀ bá sì ti tan orin sókè, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ariwo tí òun kò gbọ́.

Inú ẹ́ńjìnnì, epo ń jó, iná wà níbẹ̀. Omi ló ń yí i ká tó ń gba ooru náà, tó sì ń gbé e lọ sí agolo iwájú mọ́tò tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní radiateur. Pọ́ǹpù ló ń ti omi yìí kiri. Ọ̀já rọ́bà kan, courroie, ló ń yí pọ́ǹpù náà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Fáànù ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò bá ń rọra lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohùn tirẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Bí ẹ bá ń gbọ́ kútú-kútú lẹ́yìn ibi tí awakọ̀ ń wò, bí ìgbà tí omi ń jáde lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì, afẹ́fẹ́ ti wọ ibi tó yẹ kí omi wà. Omi ti dín kù nìyẹn. Kí awakọ̀ dúró di àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, kó ṣí i, kó bu omi kún un. Ṣùgbọ́n ibo ni omi náà gbà lọ? Kó wo ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò, kó fọwọ́ pa àwọn ọ̀pá rọ́bà bóyá wọ́n ti sán. Bí kò bá rí ibi tó ń jò, tí omi sì tún ń dín kù, tí èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn ṣáá, tàbí tí epo ẹ́ńjìnnì dà bíi tíì tí wọ́n fi mílíìkì sí, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kó má gbé èrò kankan mọ́, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló kàn.

Wíìì nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò? Ọ̀já rọ́bà ti dẹ̀ tàbí ó ti gbó. Kí wọ́n fà á le, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń lọ gẹ̀rẹ̀-gẹ̀rẹ̀ bí ọlọ tó ń lọ òkúta, pọ́ǹpù ni kí ẹ fura sí. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù, kí wọ́n di àgbá pọ́ǹpù náà mú, kí wọ́n mì ín. Bó bá ń mì, ó ti ń kú lọ. Gíríìsì kò lè wò ó sàn. Ká-ká-ká níwájú, fáànù ń gbá nǹkan ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ṣìììì, tí ooru ń rú sókè. Kò sí ká dé ọjà ná nínú ìyẹn. Kí awakọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkòkò ṣàlàyé. Omi tó wà nínú ìkòkò lórí iná ń hó ní 100 dígírì. Ìdérí radiateur le ju ti ìkòkò lọ. Ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀, débi tí omi náà lè gbóná ju 100 lọ, kó sún mọ́ 120, síbẹ̀ kó má hó. Ẹni tó bá ṣí i nígbà yẹn ti tú u sílẹ̀: gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á fò sí i lójú. Àkísà tí àwọn ọmọṣẹ́ ń fi dì í mú kò gba ojú là. Ẹ dúró, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí ọwọ́ yóò fi lè sinmi lórí ọ̀pá rọ́bà òkè láìgbóná. Ẹ má da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, irin lè là.

Bó bá ti bó ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí omi mímọ́ tó tutù máa ṣàn sójú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe omi yìnyín. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ọmọ kékeré, ẹ má ṣe jáfara rárá.

Ó ku ohun kan. Omi aláwọ̀ ewé tàbí pupa tí wọ́n ń tà fún radiateur dára fún irin ju omi kànga wa lọ, torí kì í tètè jẹ́ kó dógùn-ún. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni májèlé, ó sì máa ń dùn lẹ́nu. Ẹ ò gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu, bí wọ́n ṣe ń rọ kpayo sínú ìgò létí ọ̀nà yẹn. Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá tú u kúrò nínú mọ́tò, ẹ má dà á síbi tí ajá tàbí ewúrẹ́ ti lè lá a.