Ihò káàdì ara láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ àti ohun tí ekùrọ́ Linux gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí ẹ óò bá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lagbé, àti ní Ifangni lápapọ̀, tòkunbọ̀ ni. Èyí tí kò bá gba èbúté Kútọnu wọlé láti Yúróòpù, ó gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí Igolo láti Nàìjíríà. Bí èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín bá ti pẹ́ díẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ lè rí ihò pẹlẹbẹ kan tí nǹkan tí ó fẹ̀ tó káàdì báńkì lè wọ̀. Nígbà mìíràn ike lásán ni wọ́n fi dí i. Ihò PC Card nìyẹn, tàbí PCMCIA, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 láti gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń sọ pé ihò yẹn ti kú. Lójú tèmi, wọ́n máa ń yára sin ín jù. Ó ṣeé ṣe kí ihò wà láàyè, kí káàdì náà wà láàyè, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ètò tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni a kò sọ fún pé wọ́n wà.

Kí ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú èyí? Ìgbohùnsílẹ̀ ni. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, ọ̀pọ̀ olùwádìí fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ó ń kọ ohùn sórí káàdì CompactFlash. Marantz PMD660 wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lò. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ ní ìwọ̀n 44,1 kHz, bíìtì 16, ojú ohùn kan ṣoṣo, láìfún un pọ̀, 1 GB yóò gba ọ̀rọ̀ tí ó lé díẹ̀ ní wákàtí 3. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni a ń fẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ fi Praat wo bí ohùn ṣe ń lọ sókè àti sísàlẹ̀. Mo mọ méjì nínú irú káàdì yìí ní Lagbé. Àlọ́ àti oríkì ni ó wà lórí wọn, àwọn kan nínú àwọn àgbà tí ó sọ̀rọ̀ náà sì ti di ará ọ̀run. A kò lè padà lọ bi wọ́n léèrè.

Kí n tètè sọ ọ́: bí ẹ bá rí ẹ̀rọ akàkáàdì oní-USB tí ó ní ihò CompactFlash, ẹ rà á, kí ẹ fi ìyókù àpilẹ̀kọ yìí sílẹ̀. Àwọn tí mo rí ní ọjà Àjàṣẹ́ kò gbà ju SD àti àwọn kéékèèké lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni CompactFlash àti PC Card. Ojú ìsopọ̀ 50 ni CompactFlash ní, PC Card ní 68, ìlànà kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ike pẹlẹbẹ kan tí kò ní ọpọlọ nínú, tí kò ṣe ju pé ó so ojú ìsopọ̀ mọ́ ojú ìsopọ̀, lè sọ CompactFlash di PC Card. Ẹ ki káàdì bọ inú ike, kí ẹ ki ike bọ inú ihò. Ìyókù di ọwọ́ ètò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti yanjú kí a tó lọ síwájú. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, noyau ni wọ́n kọ́ wa láti pe àárín gbùngbùn ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà. Ekùrọ́ ni èmi yóò pè é níhìn-ín. Àwa tí a dàgbà láàárín ọ̀pẹ mọ̀ pé ekùrọ́ kì í hàn síta: ẹran ẹyìn bò ó, èèpo líle tún bò ó, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni àdín ti ń jáde. Àwọn kan lè sọ pé kóró ló dára jù. Kóró ọsàn náà kóró ni, a sì máa ń tu ú dànù. Ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán àti lẹ́tà, kì í ṣe ekùrọ́. Ekùrọ́ ni ó ń bá irin sọ̀rọ̀, òun ni ètò yòókù ní láti gbà kọjá kí wọ́n tó lè kan ihò káàdì. Ti Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, ni mo ń sọ, nítorí pé òun ni ẹnikẹ́ni lè ṣí wò kí ó sì tún un ṣe.

Kí a tó kọ ekùrọ́ Linux jáde fún kọ̀ǹpútà kan, ẹni tí ó ń ṣètò rẹ̀ yóò ti dáhùn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè: ṣé kí ekùrọ́ yìí mọ irú ẹ̀rọ báyìí? Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Lẹ́tà y túmọ̀ sí pé kí a po ìmọ̀ náà mọ́ ekùrọ́, kí wọ́n máa jí pọ̀ nígbàkígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà n túmọ̀ sí pé kí a má fi sí i rárá. Lẹ́tà m ni ti àárín: kí a ṣe é, ṣùgbọ́n kí a yà á sọ́tọ̀ bí awẹ́ obì, kí ekùrọ́ mú un nígbà tí ó bá fẹ́ lò ó. Fún káàdì tí à ń kì bọ ihò tí a sì tún ń yọ, m ni mo fara mọ́. Kì í jẹ ìrántí kọ̀ǹpútà nígbà tí kò sí káàdì, bí nǹkan bá sì há, a lè gbé awẹ́ náà sílẹ̀ kí a tún un mú láìpa kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ó máa ń da ènìyàn láàmú ni pé ìdáhùn kan kò tó. Àkọ́kọ́ ni ti afárá, ìyẹn irin kékeré tí ó so ihò náà mọ́ ara kọ̀ǹpútà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe láti ìparí àwọn ọdún 1990, CONFIG_YENTA ni ìbéèrè rẹ̀ ń jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú káàdì: CONFIG_PCMCIA fún káàdì bíìtì 16, CONFIG_CARDBUS fún ti bíìtì 32 tí ó jáde ní 1995. Abẹ́ CONFIG_PCCARD ni àwọn méjèèjì wà. Ojú lásán lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, nítorí pé CardBus sábà máa ń ní ìgbànú aláwọ̀ wúrà ní etí ibi tí ó ti ń wọ ihò. CompactFlash inú ike tiwa yìí, bíìtì 16 ni. Ẹ̀kẹta ni ètò ìdarí káàdì fúnra rẹ̀, tí í ṣe CONFIG_PATA_PCMCIA fún CompactFlash. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ n, káàdì kò ní ṣiṣẹ́, ẹ kò sì ní rí ìkìlọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà tí yóò sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Báwo ni ekùrọ́ ṣe ń mọ awẹ́ tí ó yẹ kí ó mú? Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Káàdì bíìtì 16 máa ń gbé ìwé ìdánimọ̀ kékeré kan, tí à ń pè ní CIS, sínú ara rẹ̀. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é wà níbẹ̀, nọ́ńbà káàdì fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe náà wà níbẹ̀. Ekùrọ́ yóò kà á, yóò sì hun gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pcmcia:m. Ẹni tí ó ti jókòó nínú kíláàsì mọfọ́lọ́jì yóò mọ ohun tí ó ń wò. Lẹ́tà m ń sọ pé nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ ló kàn, c ń sọ pé nọ́ńbà káàdì ló kàn, f ń sọ pé iṣẹ́ ló kàn, àwọn yòókù sì ń tẹ̀ lé e. Ipò wọn kì í yí padà. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń sọ káàdì tí òun lè darí, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àmì ìràwọ̀ sí ipò tí kò kàn án. Ọ̀kan nínú àwọn tí pata_pcmcia ní fi ìràwọ̀ sí ilé-iṣẹ́, ó fi ìràwọ̀ sí nọ́ńbà káàdì, ó wá kọ f04 sí ipò iṣẹ́. 04 ni díìsìkì. Ó túmọ̀ sí pé: ẹni yòówù tí ó bí ọ, bí o bá ti jẹ́ díìsìkì, èmi ni mo ni ọ́. Ìdí nìyẹn tí CompactFlash ilé-iṣẹ́ tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí fi ń ṣiṣẹ́, nígbà tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè kọ̀ kanlẹ̀ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú awẹ́ kankan.

Ní ti CardBus, ekùrọ́ kò nílò ìwé yẹn láti mọ̀ ọ́n. Bí káàdì PCI inú kọ̀ǹpútà ńlá ló ṣe ń rí i, àṣẹ lspci yóò sì dárúkọ rẹ̀. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan tún ní ihò ExpressCard, tí ó jáde ní 2003. Ojú ìsopọ̀ 26 péré ló ní, PC Card kò sì lè wọ inú rẹ̀. CONFIG_HOTPLUG_PCI_PCIE ni kí ẹ wò fún ìyẹn.

Ẹ má tíì ronú láti kọ ekùrọ́ tuntun. Ẹ kọ́kọ́ bi èyí tí ó wà níbẹ̀ léèrè:

grep -E 'PCCARD|PCMCIA|CARDBUS|YENTA' /boot/config-$(uname -r)

Bí ẹ bá rí m tàbí y níwájú àwọn orúkọ tí mo dá yìí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nínú ekùrọ́ Debian, m ni ẹ óò rí fún púpọ̀ nínú wọn. Ẹ fi lspci wò bóyá ó dárúkọ afárá CardBus kan. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pa ihò náà nínú ètò tí ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà, ẹ lọ wo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pcmciautils sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe modprobe yenta_socket, kí ẹ tẹ dmesg -w, kí ẹ wá ki káàdì bọ̀ ọ́. Ẹ óò rí i bí ekùrọ́ ṣe ń ka ohun tí ó bá pàdé. pccardctl ident yóò sọ orúkọ tí káàdì ń jẹ́ fún yín.

Ìgbà tí díìsìkì bá ti fara hàn bíi sdb tàbí orúkọ mìíràn bẹ́ẹ̀, ẹ fi -o ro ṣí i, kí kọ̀ǹpútà lè kàn máa kà á láìkọ ohunkóhun sí i. Ohùn òkú kò ní ẹ̀dà kejì. Bí kò bá tún ṣí, ọ̀rọ̀ lè ti kúrò lọ́dọ̀ ihò, kí ó ti dé ọ̀dọ̀ lẹ́tà. Ètò fáìlì FAT ni irú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yìí ń lò, ekùrọ́ sì nílò CONFIG_VFAT_FS láti kà á, pẹ̀lú tábìlì lẹ́tà méjì, nls_cp437 àti nls_iso8859-1, tí wọ́n sábà máa ń yàn fún un. Mo ti rí ekùrọ́ kan tí ó mọ ihò, tí ó mọ káàdì, tí ó mọ díìsìkì, tí ó wá dúró gbọnin nítorí tábìlì lẹ́tà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí pé àwa tí à ń fi ojoojúmọ́ jà nítorí ẹ̀sẹ̀ abẹ́ ẹ àti ọ mọ ìjà yẹn dáadáa.

Bí ó bá wá di dandan pé kí ẹ kọ ekùrọ́ fúnra yín, make menuconfig ni ẹ óò fi dáhùn àwọn ìbéèrè. Ẹ tẹ àmì / kí ẹ kọ orúkọ ìbéèrè, yóò fi ibi tí ó wà hàn yín. Ẹ má máa wá a kiri láàárín igbó. Pańpẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. make localmodconfig ń dín iṣẹ́ kù gan-an, nítorí pé awẹ́ tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn nìkan ló ń fi sílẹ̀. Bí káàdì kò bá sí nínú ihò nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, pata_pcmcia kò sí lẹ́nu iṣẹ́, ó di n nìyẹn. Ẹ ki káàdì bọ ihò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ óò bá ìwé àtijọ́ pàdé tí ó sọ ohun mìíràn. Kí ekùrọ́ 2.4 tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní 2001, ìta ekùrọ́ ni ètò káàdì wà, nínú àkójọ tí David Hinds ń tọ́jú, pcmcia-cs. Ètò cardmgr ló ń yan awẹ́ nígbà náà. Láti ẹ̀dà 2.6.13, ní 2005, ni pcmciautils ti Dominik Brodowski ti ń gba ipò rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí ó bá ní kí ẹ tan cardmgr, ẹ pa á dé. Bákan náà ni èyí tí ó bá ní kí ẹ lo ide-cs, nítorí pé wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹbí IDE àtijọ́ ní ẹ̀dà 5.14, ní 2021.

Ìyọkúrò yẹn ni ó jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí nísinsìnyí. Púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tí ó ní ihò yìí, bíìtì 32 ni wọ́n. Debian 13, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ 2025, kò ní ekùrọ́ fún wọn mọ́, kò sì ní ètò tí a lè fi gbé e sórí wọn. Debian 12 ti ọdún 2023 ṣì ní in. Ẹ wá a, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ kan sórí kọ́kọ́rọ́ USB nígbà tí ó ṣì rọrùn láti rí.

Ihò bíìtì 16 kò yára. Bí ó bá ń ka nǹkan bíi 1 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 1 GB yóò gba tó ìṣẹ́jú 17. Bátìrì tòkunbọ̀ kì í sábà dúró tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dà á kọ tán, ẹ ṣe sha256sum fún fáìlì orí káàdì àti fún èyí tí ẹ dà kọ. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá bára mu, ẹ ṣe umount, kí ẹ tẹ pccardctl eject, kí ẹ tó yọ káàdì náà.