Àwọn Ọ̀dọ́ Abẹ́ Tábìlì: Ìtàn Ẹgbẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré ti MIT

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí, kí ó yí ojú sí ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí MIT fìdí kalẹ̀ sí, kí ó sì béèrè ìtàn ẹgbẹ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1946, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Tech Model Railroad Club ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́ kò sì ju pé kí wọ́n máa kan ọkọ̀ ojú irin kékeré, kí wọ́n máa tẹ́ ojú irin rẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n sì máa wà á. Ẹni tí kò mọ inú ọ̀rọ̀ yóò ní eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n láti inú yàrá eré yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti jáde tí wọ́n wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi han aráyé pé kọ̀ǹpútà, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń ṣírò nìkan, lè kọrin, ó lè ta ayò, ó sì lè bá ènìyàn ṣeré.

Ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ náà ń lò ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní HO, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ ìdá kan nínú 87 ohun tí ó jẹ́ ní òde ayé. Ẹ́ńjìnnì tí ó gùn tó mítà 20 níta kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ lórí tábìlì. Àwa tí a mọ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 mọ̀ pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,435, tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ tí ó wọ Ìbàdàn ní 1901, tí kò ju 1,067 lọ. Ìwọ̀n 1,435 yìí náà ni ti ọ̀pọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà, òun ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì sọ di mìlímítà 16.5 lórí pákó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé, òkè, afárá, igi, títí kan àwọn èrò tí ó dúró de ọkọ̀ ní ìdíkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ gbẹ́ fèrèsé ilé tí kò tó èékánná gbọ́dọ̀ ní sùúrù, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú.

Ilé tí wọ́n fún wọn kì í ṣe ilé ọlọ́lá. Ilé 20 ni wọ́n ń pè é, ilé onípákó tí ilé ẹ̀kọ́ náà sáré kọ́ ní 1943 nítorí iṣẹ́ radar, ẹ̀rọ tí ń fi ìgbì tí ojú kò rí wá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá kiri, pẹ̀lú èrò pé bí ogun bá ti parí, wọ́n yóò wó o. Ogun parí, ilé kò wó. Ó wà níbẹ̀ fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún. Mo ka àìníláárí ilé náà sí oore ńlá fún ẹgbẹ́ yìí, nítorí nínú ilé tí a kò kà sí, ẹni tí ó bá fẹ́ lu ògiri jọ́ọ́ kí wáyà lè kọjá yóò lù ú, kò sí ọ̀gá tí yóò bá a wí. Yàrá 20E-214, ní àjà kẹta, ni wọ́n tẹ́ ojú irin wọn sí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ pín sí ọ̀nà méjì nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan wà tí ohun tí ń bẹ lórí tábìlì jẹ lógún: àwọn ni wọ́n ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà, tí wọ́n ń mọ òkè, tí wọ́n mọ ìtàn ilé iṣẹ́ rélùwéè kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Àwọn kejì ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Signals and Power, àwọn tí ohun tí ń bẹ lábẹ́ tábìlì gbà lọ́kàn. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń sùn sílẹ̀ lábẹ́ pákó, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, láàárín wáyà tí ó pọ̀ bí ìtàkùn inú igbó. Ẹgbẹ́ kì í sì fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá nítorí pé ó ní owó tàbí pé ó jẹ́ ọmọ ẹni ńlá; ẹni tí ó bá ti fi ogójì wákàtí ṣiṣẹ́ lórí ojú irin náà ni kọ́kọ́rọ́ tọ́ sí, láti ìgbà náà lọ, òru kò sí, ọ̀sán kò sí, ìgbà tí ó bá wù ú ni ó lè wọlé.

Kí ni ń bẹ lábẹ́ tábìlì tí ó gba gbogbo làálàá yìí? Ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ojú irin méjèèjì tí ọkọ̀ kékeré ń gùn ni ó ń gbé iná mànàmáná fún un: iná gba irin kan wọlé, ó gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ inú mọ́tò, ó sì gba irin kejì jáde, bí a bá fi kún iná náà, ọkọ̀ a sáré, bí a bá dín in kù, a rọra rìn, bí a bá sì yí ọ̀nà tí iná ń gbà padà, ọkọ̀ a máa fẹ̀yìn rìn. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, kò sí wàhálà. Bí ó bá di méjì, àṣẹ tí ẹnì kan pa fún ọkọ̀ tirẹ̀ ni ọkọ̀ ẹnì kejì náà yóò gbọ́, nítorí iná kan náà ni àwọn méjèèjì ń mu. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ yìí dá sí i ni pé wọ́n gé ojú irin sí abala abala, wọ́n fi àlàfo tín-ín-rín tí iná kò lè rékọjá pààlà sí wọn, wọ́n sì ń fún abala kọ̀ọ̀kan ní iná láti ọwọ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ó ti ń ti abala kan bọ́ sí òmíràn, iná ẹni tí ń wà á gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e, kí abala tí ó fi sílẹ̀ sì ṣófo fún ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò fi ọwọ́ ṣe èyí fún ọkọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o.

Àwọn ará Signals and Power pinnu pé ẹ̀rọ ni yóò máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n lò ni relay, ẹ̀rọ kékeré kan: wáyà tín-ín-rín tí a wé mọ́ irin, tí ó jẹ́ pé bí iná bá gba inú wáyà náà, irin a di òòfà, a fa ahọ́n irin kan mọ́ra, ahọ́n náà a sì ṣí ọ̀nà tàbí kí ó sé ọ̀nà fún iná mìíràn níbòmíràn. Relay ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìgbà náà fi ń wá ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì, ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù náà sì ni ẹgbẹ́ ti ń rí wọn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wa ọkọ̀ yóò fi ìka yí àwo nọ́ńbà tẹlifóònù, yóò pe abala tí ó fẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ẹni, àwọn relay abẹ́ tábìlì yóò dáhùn tàà-tàà-tàà, abala náà yóò sì di tirẹ̀. The System ni wọ́n sọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí, kò sì sígbà tí wọn kì í tú nǹkan kan nínú rẹ̀ kí wọ́n tún un tò.

Ahọ́n relay kò ní ju ipò méjì lọ: bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 1937, ní MIT yìí kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Claude Shannon ti fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé bí a bá to relay pọ̀ dáadáa, wọn yóò lè ṣe gbogbo ìrònú tí ó bá dúró lórí bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, orí ìlànà yìí sì ni kọ̀ǹpútà dúró lé títí di òní. Àwọn tí ń sùn sábẹ́ tábìlì ọkọ̀ ojú irin ti ń fi ọwọ́ ara wọn tún irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó fojú kan kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ náà tilẹ̀ ní aago kan tí ń fi nọ́ńbà sọ àkókò, ní ìgbà tí irú aago bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Súìṣì ìdádúró wà káàkiri yàrá. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ lọ fi orí sọ nǹkan, ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn yóò tẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo yóò dákẹ́, aago pẹ̀lú yóò dúró, yóò sì kọ FOO sójú ara rẹ̀ títí àlàáfíà yóò fi padà.

Kọ̀ǹpútà dé ilé ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n IBM 704, ẹ̀rọ ńlá ibẹ̀, dà bí igbó orò tí ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ̀: àwọn awo tí wọ́n fi ṣọ́ ọ nìkan ni ó ń fọwọ́ kàn án, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó káàdì iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn, yóò sì padà wá gbàdáhùn nígbà mìíràn. Èyí kò tẹ́ àwọn ọmọ tí a ti fún ní kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ní 1958, wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn tí ń jẹ́ TX-0 wá láti ilé ìwádìí Lincoln Laboratory, èyí tí ènìyàn lè jókòó tì, kí ó bá a sọ̀rọ̀, kí ó sì rí ìdáhùn lójú ẹsẹ̀. Jack Dennis, tí òun pàápàá ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rí, ni ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n sì sọ òru di ọ̀sán níbẹ̀. Peter Samson mú kí ẹ̀rọ náà kọ orin Bach. Alan Kotok ṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tí ó kọ́ kọ̀ǹpútà ní títa chess. Òun kan náà ni ó di olórí àwọn tí ó gbèrò kọ̀ǹpútà PDP-10 nígbà tí ó dàgbà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mìíràn, PDP-1, dé ní 1961, tí Steve Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe Spacewar!, eré ọkọ̀ gbalasa òfuurufú méjì tí ń yìnbọn lu ara wọn, ìgbọ̀nwọ́ ń dun àwọn tí ń ta á nítorí súìṣì ara ẹ̀rọ ni wọ́n ń yí. Kotok àti Robert Saunders bá lọ sí yàrá ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ṣa èèlò jọ, wọ́n sì kan àpótí kékeré tí ènìyàn lè dì mọ́wọ́. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń dì mú lónìí níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ìyá àpótí náà ni.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní èdè tiwọn pẹ̀lú: ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí Samson ṣe ní 1959 wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, hack, nínú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lò ó. Ó dùn mí pé àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ayé ń pè ní hacker báyìí, nígbà tí ó jẹ́ pé oyè ọ̀wọ̀ ni lábẹ́ tábìlì náà, oyè ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò rò pé ó ṣeé ṣe.

Ilé onípákó náà kò lè wà títí láé. Nígbà tí ó di àsìkò láti wó o, ẹgbẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn tí ń jẹ́ N52, wọ́n sì wó Ilé 20 ní 1998. Púpọ̀ nínú ojú irin àtijọ́ kò ṣeé gbé. Iṣẹ́ àádọ́ta ọdún lọ bẹ́ẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: wọ́n kó relay wọn lọ láìfọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin tuntun láti ìpìlẹ̀. Láàárín 1999 sí 2006 ni wọ́n ṣe System 3, níbi tí ṣíìpù bí ogójì, tí kọ̀ǹpútà kan ń darí, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn relay. Àsìkò tí wọ́n fi ojú irin náà ṣe àfihàn rẹ̀ ni àwọn ọdún 1950, nítorí ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì eléèéfín àti ti dísẹ́ẹ̀lì jọ ń rìn lójú irin kan náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ọkọ̀ tirẹ̀ wá kò sì ní ṣe àjèjì.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ti tuntun ni àwòrán Green Building, ilé gíga kan nínú ọgbà MIT. Lórí tábìlì, ó ga tó mítà kan. Wọ́n fi gílóòbù kéékèèké sí fèrèsé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ tí fèrèsé ilé náà fi di ojú ìran tí a ń ta eré Tetris lórí rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní ìta, kí ẹni tí ń kọjá lọ lè ta á bí yàrá tilẹ̀ wà ní títì. Ní 2012, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ta eré náà sára Green Building gan-an, ilé ńlá tòótọ́, àfi bí ẹni pé òjìji ni ó bí igi.

Iṣẹ́ náà kò tíì tán, ojú irin irú èyí kì í sì í tán. Wọ́n ti pe aráàlú wá wò ó ní ọjọ́ ìṣílẹ̀kùn wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga wa nílé. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí ń dípẹtà nínú yàrá ìkẹ́rùsí yín, ẹ má ṣe tà á fún àwọn onírin àlòkù. Ẹ wá yàrá kan tí ẹ kò ní bínú bí wọ́n bá lu ògiri rẹ̀, ẹ kó ẹ̀rọ náà síbẹ̀, kí ẹ sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́.