Purotéènì Adènà-Kókó: Orúkọ àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí a bá ní kí a túmọ̀ orúkọ àwọn purotéènì tí kì í jẹ́ kí kókó jẹjẹrẹ yọ nínú ara, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni apakókó. A kò fara mọ́ ọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kà á yóò rò pé oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ ni, yóò sì máa ṣe kàyééfì pé kí ló dé tí a kò fún aláìsàn lò.

Ẹ jẹ́ kí a wo p53, tí jíìnì rẹ̀ wà lórí kromosóòmù kẹtàdínlógún. Sẹ́ẹ̀lì a máa pín sí méjì kí ara lè dàgbà, kí egbò sì lè jiná. Bí DNA sẹ́ẹ̀lì kan bá bàjẹ́, p53 yóò dá ìpín náà dúró kí àtúnṣe lè wáyé. Bí ìbàjẹ́ bá kọjá àtúnṣe, yóò mú kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Iṣẹ́ oníbodè ni èyí, kókó kò tíì yọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn, jíìnì yìí ti yí padà, ẹnubodè sì ti ṣófo.

Ìkánjú kò yẹ nínú ìsọlórúkọ. Ní 1979 tí a rí p53, àwọn onímọ̀ rò pé òun ni ó ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀, nítorí ẹ̀dà jíìnì tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń lò nínú ìwádìí. Ó di 1989 kí òtítọ́ tó hàn. Ká ní a ti túmọ̀ rẹ̀ ní 1980 ni, ọ̀daràn ni à bá pè é! Iye tí ó wà nínú orúkọ náà pàápàá kò tọ̀nà: kilodalton 53 ni wọ́n rò pé ó wọ̀n, bẹ́ẹ̀ kò ju nǹkan bí 44 lọ. Kí a fi p53 sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ní ti ìwòsàn, dídá oníbodè padà sí ipò ni ète, èyí sì ṣòro ju dídí ohun tí ń ṣiṣẹ́ lọ́nà lọ. Ní 2003, ìjọba Ṣáínà fi ọwọ́ sí Gendicine fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn: fáírọ́ọ̀sì tí a ti tún ṣe ni ó ń gbé jíìnì p53 tí ó pé wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò lè dé inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó ti bàjẹ́. Ọ̀nà kejì wà fún ibi tí p53 ṣì pé ṣùgbọ́n tí purotéènì MDM2 pọ̀ jù, nítorí MDM2 a máa dì mọ́ p53, a sì máa mú kí sẹ́ẹ̀lì wó o palẹ̀. Àwọn èròjà nutlin, tí a kéde ní 2004, ń dì mọ́ MDM2 kí ó má bàa rí p53 mú. Níbi tí p53 ti bàjẹ́, wọn kò wúlò.

Adènà-kókó ni a dábàá. Ó bá purotéènì mu, ó sì bá jíìnì tí ń mú un jáde mu: purotéènì adènà-kókó, jíìnì adènà-kókó. Àléébù kan kù. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ní kókó, bẹ́ẹ̀ p53 ń ṣọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. A kò sì lè fi jẹjẹrẹ rọ́pò kókó, nítorí pé kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Àléébù kan náà ni ó wà nínú orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un.