Ta ló ni ohùn orin “Amazing Grace”? Kì í ṣe John Newton o

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá bi yín pé ta ló ṣe orin “Amazing Grace”, ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa sọ pé John Newton ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò pé. Newton, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ tó ń kó ẹrú, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú ìwé Olney Hymns ló ti jáde lọ́dún 1779. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀ o, kò sí ohùn orin kankan. Ohùn tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Nígbà yẹn, tí orin ìsìn kan bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn, àwọn èèyàn á wá ohùn tó bá a mu, ì báà jẹ́ orin ìbílẹ̀ tàbí orin ijó pàápàá. Ẹnu dé etí ni ohùn wọ̀nyí ń gbà rìn. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sínú ìwé. John Wyeth ṣe tiẹ̀ ní Pennsylvania lọ́dún 1813. Lọ́dún 1835, William Walker, ará South Carolina, gbé ohùn kan tó ń jẹ́ “New Britain” pàdé ọ̀rọ̀ Newton nínú ìwé rẹ̀, Southern Harmony. Ibẹ̀ ni wọ́n ti di tọkọtaya.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Àgbẹ̀ tí kò kọ́ orin níbì kankan, báwo ló ṣe ń ka ìwé orin olóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin? Lọ́dún 1801, William Little àti William Smith gbé ìwé The Easy Instructor jáde. Orí ìlà márùn-ún náà ni wọ́n kọ àmì orin sí, àmọ́ àmì kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tiẹ̀: fa jẹ́ onígun mẹ́ta, sol rí róbótó, la jẹ́ onígun mẹ́rin, mi sì dà bíi dáyámọ́ńdì. Mẹ́rin péré! Kó lè tó méje, wọ́n á pe fa, sol àti la lẹ́ẹ̀mejì, mi lẹ́ẹ̀kan. Bí ojú bá ti rí ìrísí, ẹnu ti mọ ohun tó máa pè. Wọ́n á kọ́kọ́ fi orúkọ àmì kọ orin náà tán kí wọ́n tó kan ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀ ń ka d, r, m lórí pépà, irú ọgbọ́n yẹn náà ni tiyín. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni tiyín ti wá, ẹ̀yìn ti Amẹ́ríkà yìí ló sì dé.

Lójú àwọn olùkọ́ orin ìlú ńlá, bíi Lowell Mason ní Boston, ti Yúróòpù ló dáa jù. Àwọn ará gúúsù kò dá wọn lóhùn. Ìwé The Sacred Harp, tí B. F. White àti E. J. King ṣe ní Georgia lọ́dún 1844, àwọn èèyàn ṣì ń kọrin inú ẹ̀ dòní. Wọ́n á pín ara wọn sí apá mẹ́rin, wọ́n á jókòó kọjú síra, aṣáájú orin á dúró láàárín. Kò sí òǹwòran níbẹ̀. Gbogbo wọn ni akọrin.

Ó ku ẹyọ kan. Walker fúnra ẹ̀ sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé rẹ̀ pé àwọn ohùn kan wà tí òun kò rí nínú ìwé kankan, tí òun sì kọ ohùn ìgbè sí, tóun wá fi orúkọ ara òun síbẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí orúkọ lórí orin àtijọ́, ẹ bi ara yín: ṣé òun ló dá a ni, àbí òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹni tó dá “New Britain” kò kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀. Ohùn ẹ̀ la mọ̀, a ò mọ̀ ọ́n.